Ohùn Tó Jáde Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n

Igbe àgbò tí wọ́n so sẹ́yìnkùlé ló jí mi láàárọ̀ Iléyá ọjọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà l'Éjìgbò nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹran kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Bàbá mi ti Àbíjàn dé, ó gbé fídíò bọ̀, mo sì ti fi yangàn fún gbogbo kíláàsì wa.

Kásẹ́ẹ̀tì kan bá fídíò náà wá. Bàbá Bùráímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Àbíjàn, tí kò tíì wálé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ló fi kí ìyá wọn, Ìyá Àgbà. Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́. Láti ìdájí ló ti wẹ̀, tó da ìborùn funfun borí, tó ń sọ fún ẹni tó bá kọjá pé, "Ojú mi ò ríran mọ́, àmọ́ etí mi ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ n gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Bàbá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àléébù òun. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Síbẹ̀ òun náà ló lọ pe gbogbo agboolé, tó tún ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ ní Màsífà pé kí wọ́n wá wo ohun tí òun gbé bọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, pálọ̀ kún dé ojú fèrèsé. Àwọn Faransé ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, kò bá tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa mu. Ẹnu wáyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín bíi ti òòyà, bẹ́ẹ̀ ihò róbótó kan ṣoṣo tí a ń ki wáyà eríálì bọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n tiwa ní. Bàbá tú páálí títí, ó rí wáyà eríálì kan, ó kì í bọ̀ ọ́. Àwòrán yọ, gbogbo ilé hó yèè. Bàbá Bùráímọ̀ rèé lórí àga, ní dúdú àti funfun, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sì sí ohùn.

Bàbá yí bọ́tìnnì, ó gbá tẹlifíṣọ̀n létí. "Sàfà, sàfà," ni ó ń wí, èyí tí àwọn ará Àbíjàn fi ń sọ pé kò séwu. Òógùn ti rin ọrùn agbádá rẹ̀. Ìyá Àgbà na etí síwájú. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀ ni?" Mo rí ọmọ kíláàsì wa kan lójú fèrèsé, ó ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo wí lọ́kàn mi pé ìbá dára ká ní ọkùnrin yìí kì í ṣe bàbá mi.

Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń tún wáyà ṣe. Ohùn kan jáde níbẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ kú ọdún o. Bùráímọ̀ ọmọ yín ni." Nínú àwòrán, Bàbá Bùráímọ̀ ti gbé omi sẹ́nu, ó ń mu, ohùn náà kò dákẹ́, ó ń kí ará ilé lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àbúrò mi, ìyá mi já a léèékánná nítan. Àwọn àgbà ń wolẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àṣèyí ṣàmọ́dún, Bùráímọ̀. Ọlọ́run á mú ọ wálé." Bàbá mi gbàgbé ara rẹ̀, ohùn tirẹ̀ gan-an ló fi ṣe "Àmín, Màmá."

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń bu omi àlùwàlá fún Ìyá Àgbà, n kò lè pa á mọ́ra. "Ìyá Àgbà, Bàbá Bùráímọ̀ kọ́ ló ń kí yín lánàá."

Ó fọ ẹsẹ̀ kan tán kó tó dáhùn. "Ṣebí èmi ni mo bí àwọn méjèèjì. Ṣé torí pé mò ń wá ohùn ọ̀kan, kí n wá dójú ti èkejì lójú àwọn àna rẹ̀? Bu omi sí i, jàre."

Ó kú kí Bàbá Bùráímọ̀ tó wálé. Kò gbọ́ ohùn náà.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí, mo sì mọ̀ nípa wáyà dáadáa. Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹbí ọkọ mi wá kí wa. Ọkọ mi fẹ́ fi fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wa hàn wọ́n. Ó so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ti gbó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tuntun, ṣùgbọ́n ohun tó rà láti fi so wọ́n pọ̀, àwòrán nìkan ló ń gbé. Ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá, ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ní ohùn máa tó jáde. Mo mọ ohun tó ṣe é. Mo lè rọra dìde kí n bá a ki wáyà ohùn bọ̀ ọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, mo ní, "Bàbá Ṣàkírù, ẹ kúrò ńbẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Mo ki wáyà náà bọ̀ ọ́, ohùn jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkọ mi bọ́ síta, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn.

Lọ́mọdé, torí pé bàbá mi kò lè mú ohùn jáde ni ojú ṣe ń tì mí. Lónìí mo mú un jáde, ìtìjú tó bá mi ju ti ìgbà yẹn lọ. Ìyá Àgbà tó fọ́jú rí ojú ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí ojú mi là, n kò rí ojú ọkọ mi títí ó fi jáde nílé.