Àtàǹpàkò Lára Èédú

Ẹni tí kò mọ Ìyá Eléèédú dáadáa ló máa ń sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbínú ni, bí ẹni ń tọ́jú ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sọ ọ́ di alágbàṣe nínú ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fọwọ́ ara wọn kọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ojú ti ọkùnrin náà níṣojú gbogbo ayé, kí kọ́kọ́rọ́ sì padà sọ́wọ́ òun.

Iléeṣẹ́ náà kò tóbi. Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń po nǹkan, àgbàlá kan wà tí ìléru wà, yàrá ìkẹ́rùsí sì wà lẹ́yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ìwọ̀n orí èèyàn lọ. Èèpo àgbọn ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Wọ́n á sun ún nínú àgbá tí wọ́n dé pa kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé, wọ́n á wá fẹ́ ooru omi gbígbóná sí i títí ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí yóò fi ṣí káàkiri inú rẹ̀. Èédú tó bá ti la irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá, "èédú tí ebi ń pa" ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí ohun tó bá kọjá lára rẹ̀ tí kì í fà mọ́ra, ì báà ṣe aró, ì báà ṣe òórùn, ì báà ṣe májèlé. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ àti ìyẹ̀fun irin, wọ́n á mọ ọ́n ní bíríkì, wọ́n á sì tún un sun. Amọ̀ ló ń dì í mú, irin ló ń bá a mú ìdọ̀tí tí apá èédú nìkan kò ká. Àwọn tó ń sẹ́ omi tà ń rà á. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò náà ń rà á, kí òórùn iṣẹ́ wọn má baà lé aládùúgbò kúrò nílé.

Kí bíríkì tó gbẹ, ọkọ rẹ̀ a máa tẹ àtàǹpàkò mọ́ igun kan lára rẹ̀. Àmì tirẹ̀ nìyẹn. A máa ní, "Ẹni tó bá ra ayédèrú kó má sọ pé ọwọ́ mi ni." Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò tirẹ̀ kéré, nítorí náà a máa yí i díẹ̀ nínú amọ̀ kí ojú àmì náà lè fẹ̀ bíi ti ọkọ. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é, bí ẹni pé ó ṣì ń bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Adúmáradán ni àbúrò ọkọ ń jẹ́. Ìyá Eléèédú fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó ṣì wà ní ìyàwó tuntun tí kò lè pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ẹ wá wo nǹkan: Adúmáradán kì í jẹ́ kí èédú kan ara òun. Aṣọ funfun báláú ló ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ èédú, ẹnu ọ̀nà ló sì ti ń pàṣẹ. Ibẹ̀ náà ló dúró sí lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ìwọ ṣáà máa po nǹkan tìẹ. Ọ̀rọ̀ òwò kì í ṣe tìẹ."

"Ẹ ṣeun," ni obìnrin náà fi dá a lóhùn, ó sì ti ọwọ́ bọ amọ̀ padà.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní kó fi ìjà fún Ọlọ́run jà.

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló wí. "Màá bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí Adúmáradán fi òwò ọ̀dà kún ti èédú. Ó kó àgbá tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Òfin kan sì wà tí ọkọ Ìyá Eléèédú kì í fi ṣeré: bí bíríkì bá ti jáde nínú ìléru, kó tó tutù tán, ọ̀rá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wé e. Adúmáradán ní òun kò ra ọ̀rá mọ́.

"Ta ló ń fi ọ̀rá wé èédú? Ṣé búrẹ́dì ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Eléèédú ṣílẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, ó rí i pé àgbá tínà kan ti ń jò. Ilẹ̀ tutù nini. Ó fa imú, kò gbọ́ òórùn kankan. Ẹlòmíì ì bá dúpẹ́. Òun dúró síbẹ̀ ni, ó ń wo àwọn bíríkì tó wà lórí pákó ní ìhòòhò. Tínà tó jò nínú yàrá tí kò ní fèrèsé gidi, tí kò sì rùn, ibo ni òórùn rẹ̀ gbà lọ? Èédú tí ebi ń pa kì í ṣàṣàyàn oúnjẹ. Wọ́n ti jẹ tínà yó, kò sì sí àyè aró nínú wọn mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n dá wọn padà sínú ìléru, iná á jẹ́ kí wọ́n pọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ. Ó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó àwọn bíríkì náà fún. Aláró ni, ìyá àgbà tó ni iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró létí odò. Omi pupa rẹ̀ ń ṣàn sínú odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì ti búra pé bí kò bá sẹ́ ẹ, àwọn á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Adúmáradán ti ṣèlérí fún un níṣojú gbogbo wọn. Ìyá Eléèédú pa ilẹ̀kùn dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹrù ti pé?" ni Adúmáradán béèrè.

"Ó ti pé, Adúmáradán. Ẹ máa kó o lọ."

Àwọn ará odò pé lọ́jọ́ náà, ojú wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n to bíríkì sínú táǹkì Aláró, wọ́n da omi pupa lé e. Ó wọlé ní pupa, ó jáde ní pupa. Alágbàfọ̀ kan tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní, "Kàkà kó mọ́, ńṣe ló tún pọ́n sí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Adúmáradán sáré lọ tún bíríkì tò, aró ta sí aṣọ funfun rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìyá Eléèédú dúró lẹ́yìn èrò, ó ń wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn dénú eegun.

Aláró wá mú bíríkì kan, ó yí i títí ó fi kan igun tí àmì wà.

"Mo mọ ọwọ́ yìí," ló wí. "Mo ti fi ojú olóòótọ́ wo ẹni tó ni ín tipẹ́tipẹ́. Àṣé ọ̀bàyéjẹ́ ni." Ó jù ú mọ́lẹ̀, ó fọ́.

"Èyí tó wà nílé mi náà ní àtàǹpàkò lára," ni ẹnì kan wí. "Màá kó o dànù lónìí."

Gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀san lè gbà ni Ìyá Eléèédú ti rò, kò ro èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ àmì yẹn mọ́ gbogbo bíríkì náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi èjìká la èrò kọjá.

"Ẹ má fi ẹnu kan ọkọ mi. Tínà ló ba ẹrù yìí jẹ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i kí wọ́n tó kó o."

Adúmáradán yíjú sí i. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì jẹ́ kí n kó o wá síbí?"

"Ẹ ní kí n máa po nǹkan tèmi. Ẹ ní ọ̀rọ̀ òwò kì í ṣe tèmi."

Aláró wo àwọn méjèèjì. "Òkú ò lè jà," ló wí, "ẹ wá sọ ọ́ di pàṣán, ẹ fi ń na ara yín." Ó ní òun á gba bíríkì mìíràn lọ́wọ́ obìnrin náà, torí odò kò lè dúró de ìjà wọn. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àtàǹpàkò yẹn nínú táǹkì mi mọ́. Bí àwọn èèyàn yìí bá rí i, wọ́n á fọ́ ọ mọ́ mi lórí."

Adúmáradán kò padà wá síbi iṣẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rán ẹ̀gbọ́n Ìyá Eléèédú, ẹ̀gbọ́n náà sì béèrè bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀.

"Bó bá tún gbà á, màá tún ṣe é fún un," ló wí. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi iṣẹ́ ọkọ mi ṣe é."

Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó lọ po amọ̀. Èédú, amọ̀, irin, gbogbo rẹ̀ pé bó ṣe yẹ. Ó mọ bíríkì àkọ́kọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wọ igun rẹ̀, ó ti yí i díẹ̀ kó lè fẹ̀, kó tó rántí ọ̀rọ̀ Aláró. Ó wá ti ọwọ́ bọ omi, ó fi pa igun náà rẹ́ títí tó fi rí bíi ti gbogbo igun yòókù, ó sì mú amọ̀ mìíràn.