Páìpù Ẹ̀yìnkùlé

Ilé iṣẹ́ irin kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ṣàngó. Bí ẹ̀rọ ńlá inú rẹ̀ bá ń lu irin, àwọn ife orí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ wa a máa dún ṣìn, ṣìn. Ó ti mọ́ wa lára débi pé etí wa kì í gbọ́ ọ mọ́. Àlejò nìkan ló máa ń béèrè bóyá ilẹ̀ fẹ́ ya.

Wáyà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ gba òkè ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Iná tiwa lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tiwọn kì í lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkọ mi kò fi sọ́kàn ní ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, èmi tí mo sì ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé kò sàn jù ú lọ.

A ti pa dikódà tì nígbà náà. Owó oṣooṣù rẹ̀ ti sú wa. Mo ní ká ra àǹtẹ́nà pélébé tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àmúga ni òun fẹ́ fi wo bọ́ọ̀lù ni. Àǹtẹ́nà gíga lòun ń fẹ́. Ó so ó mọ́ orí páìpù irin gbọọrọ kan tí oníwẹ́dà jó fún un ní Tóòlù-Géètì, ó ki páìpù náà bọ òrùka irin tó wà lára ògiri, ó sì gun àkàsọ̀ lọ sókè láti máa yí i. Iná ò sí ní àdúgbò. Ó ní ìyẹn gan-an ló dáa, gbogbo wáyà ti kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A tan jẹnẹrétọ̀, mo dúró ti tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n lè máa sọ fún un bóyá àwòrán ti dé.

Kò dé. Ojú tẹlifíṣọ̀n kàn ń hó bí ìrẹsì tí wọ́n dà sílẹ̀. Ó yí páìpù sọ́tùn-ún, mo ní kò tíì dé, ìrẹsì ni. Ó tì í sápá òsì, níbi tí wáyà wà, ojú ènìyàn kan yọ fìrí lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá wọn, ṣé ó ti dé?"

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, mo wá gbọ́ àwọn ife. Ṣìn. Ṣìn. Ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́.

Mo yọjú: àlàfo tó wà láàárín àǹtẹ́nà àti wáyà kò ju gígùn apá kan lọ. Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi. Bí mo bá dárúkọ wáyà, yóò yíjú wò ó, páìpù yóò sì bá a yí.

"Mo ń fi yín ṣeré lẹ́ẹ̀kan ni," mo ní, bí ẹni ń pe ènìyàn wá jẹun. "Apá ọ̀tún ló ti mọ́ kedere. Ẹ dá a padà síbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù ni, wọ́n ti ń tò wọ pápá."

"Obìnrin yìí, o fẹ́ fi eré pa mí lórí àkàsọ̀."

Mo ń wo páìpù náà bó ṣe ń kúrò lẹ́bàá wáyà díẹ̀díẹ̀. Ó dè é, ó sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

Ó wọlé, ó bá ìrẹsì lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Bọ́ọ̀lù dà?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ife. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ife, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ àga mẹ́rin wà níbẹ̀.

A kò sún mọ́ páìpù yẹn mọ́ títí àwọn òṣìṣẹ́ iná fi wá yọ ọ́. Àǹtẹ́nà pélébé la ń lò báyìí. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló ń mú, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àmúga mọ́. Bí àwòrán bá já, tí ọkọ mi sì dìde láti tún un ṣe, ọwọ́ mi á ti di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú kí n tó mọ̀.