Omi Méjì Lára Pátákó

Bàbá Sákéù, ọmọ Ìkògòsì, kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń kun pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ṣọ́ọ̀bù l'Ẹ́gbẹ̀dá. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì àdúgbò gbé pátákó tiwọn wá, àmì ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ní kó yà, kó kọ "Ilẹ̀ Iyì" sábẹ́ rẹ̀. Ó yà á, ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àyè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ọkàn bàbá sì fà sílé. Ló bá ya omi ìlú rẹ̀ sí i, èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti èyí tó tutù, níbi tí wọ́n ti pàdé.

Alága ẹgbẹ́, tí wọ́n bí sí Ìdímù, tí kò dé Èkìtì rí, fajú ro. "Bàbá, ta ló bẹ̀ yín lómi? Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì, ta ló fẹ́ mọ èyí tó gbóná? Ẹ pa á rẹ́ jàre."

Bí bàbá ti ń mú búrọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Abigẹ́lì, àgbà ẹgbẹ́ wọn, tẹ ọ̀pá dé. Ogún ọdún rèé tó ti délé, ní Ìkògòsì, kẹ́yìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé omi apá òsì, ó yára gbé e kúrò bí ẹni tí òtútù mú. Ó gbé e lé ti apá ọ̀tún, ó fi síbẹ̀, ó dijú. Ọ̀dà tútù kun ún lọ́wọ́, kò bìkítà.

Alága ṣí fìlà. "Mọ́mì, ṣé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án.