Òjò Tí Wọ́n Jẹ

Ọ̀rọ̀ Mojíre ò gùn. Ọmọ Awóníyì àgbẹ̀ ní Òkèrèwè ni. Lọ́dún 1994 ó wà ní ìwé kẹfà. Tíṣà rẹ̀, Lágúnjú, ri agolo mílíìkì mọ́ àárín pápá ilé-ìwé, ó fún un ní rúlà àti ìwé.

"Òjò tó bá rọ̀, wọ̀n ọ́n. Ibi tí ìjì bá ti wá, kọ ọ́. Bí ìwé yìí bá pé títí ìsípẹ́kítọ̀ fi dé, orúkọ rẹ ni màá fi sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdírì ọ̀fẹ́."

Bí kò bá wá pé ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ti sọ tirẹ̀: kó lọ bá Àṣàbí, àbúrò òun, ní Ẹdúnàbọ̀n, kó máa kiri búrẹ́dì létí títì.

Oṣù kan gbáko, Mojíre ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó rí i pé bí ìlà oòrùn bá ṣú láàárọ̀, ọ̀sán kì í pọ́n tán kí òjò tó dé.

Ó ku ọ̀la kí ìsípẹ́kítọ̀ dé ni òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wo ló máa rí yìnyín tí kò ní í ṣà á jẹ? Gbogbo ilé-ìwé tú síta. Èṣùbíyì, gìrìpá kíláàsì wọn, ki ọwọ́ bọ agolo.

"Èṣùbíyì, jọ̀ọ́! Ó gbọ́dọ̀ yọ́ kí n tó wọ̀n ọ́n!"

"Ìyá Olójò! Ìyá ẹ ló rọ̀ ọ́ ni?" Ó rún un wómúwómú. Àwọn yòókù bá a jẹ ẹ́.

Tiwaladé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Bu omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kún un. Ta ló máa mọ̀?"

Mojíre ò bu nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ìdajì íǹṣì. Wọ́n jẹ ìyókù.

Ìsípẹ́kítọ̀ kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà, àwọn ọmọ yín ń jẹ òjò?"

Ojú ti Lágúnjú. Ó fa ojú ìwé náà ya, ó na Mojíre lẹ́gba méjìlá. Èṣùbíyì dìde, ó ní íǹṣì méjì ni òun wọ̀n. Irọ́ ni. Orúkọ Èṣùbíyì ni wọ́n kọ fún sẹ́kọ́ńdírì.

Nígbà tí Àṣàbí wá mú Mojíre ní Sátidé, bàbá rẹ̀ ń múra oko. Gbodo tí wọ́n máa fi ṣe èlùbọ́ ọdún náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ aṣọ́jò," ó fi í ṣẹ̀sín, "ṣé kí n sá a àbí kí n má sá a?"

Mojíre wo ìlà oòrùn. Ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí èéfín oko.

"Ẹ sá a, Bàbá. Òjò ò ní í rọ̀."

Bàbá da gbogbo rẹ̀ síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba oko lọ.

Wọn ò tíì dé Ẹdúnàbọ̀n tí òjò fi ń na gíláàsì mọ́tò. Àṣàbí ní kó ti wíńdò. Mojíre na ọwọ́ síta, ó ń wo bó ṣe ń kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.