Ohùn Tó Pè Mí Lọ́sàn-án Gangan

Mo rántí ọ̀sán kan ní oko wa lẹ́yìn Kábà, nígbà tí ẹyẹ kankan kò ké. Mo ń múra ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, mo sì jókòó lẹ́nu ahéré pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí itan. Olùkọ́ wa, ọmọ ìlú Ìyàrà, ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá da ‘hear’ pọ̀ mọ́ ‘listen’ yóò fìdí rẹmi: àkọ́kọ́ ni ìró tó wá bá ènìyàn fúnra rẹ̀, èkejì ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dẹ etí sí i. Mo ti gbọ́n lójú ara mi nígbà náà débi pé mo ń tún Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó jù mí lọ ṣe. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìyá mi, tí kò mọ lẹ́tà kan, ti lọ fọ irú lódò.

Bí mo ti ń kàwé, mo gbọ́ orúkọ mi láti ọ̀nà odò. Ohùn ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Nílé wa, a kì í dáhùn ìpè ọ̀sán gangan bí a kò bá rí ẹni tó ń pè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ́ ẹ kì í pẹ́ láyé. Mo dákẹ́, mo dẹ etí. Ó tún pè. Orí mi wú, mo wọ inú ahéré, mo ti ilẹ̀kùn. Kò pè lẹ́ẹ̀kẹta.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí ọdẹ kan tó gbé ìyá mi dé. “Okun o, ọmọ mi,” ọdẹ náà kí mi. “Orí àpáta ló ti yọ̀ ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.” Ojú tì mí gidigidi. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi pé mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

“Èmi ò pè ọ́,” ó ní. “Bí mo ṣe ṣubú ni mi ò ti mọ nǹkan kan mọ́, àfìgbà tí ọdẹ dé.”

Mo yege nínú ìdánwò náà. Ìyá mi tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, ta ló gba ohùn rẹ̀ lò? Bó bá sì jẹ́ irọ́, nítorí kí n lè sùn ló ṣe pa á. Nígbà tó ń kú lọ, mo tún bi í. Ó ní òun kò pè mí. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú.

“Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lẹ́yìn èyí,” ó ní, “dá mi lóhùn.”

Mo ti dàgbà jù ú lọ báyìí, mo sì ti ṣe tán láti dáhùn, ṣùgbọ́n kò tíì pè mí.