Ohun tí Àpék Teik Sọ sí Dàtó Létí

"Àpék, kí ni ẹ sọ sí Dàtó létí?"

Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí mo bi Àpék Teik ní ìbéèrè yìí, ó sì gba ìgboyà púpọ̀, nítorí n kì í bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó fi àǹkáṣíìfù nu orí rẹ̀ tó pá, ó ní, "Ìwọ lọ jẹ adìẹ ẹ."

Gbogbo ará erékùṣù Pangkor nílẹ̀ Malay ló mọ bàbá yìí; Àpék, ìyẹn bàbá àgbà, ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí èbúté, awọ ẹran rẹ̀ sì máa ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ti jinná, á fi ìka kan awọ náà kó-kó-kó, á wá dẹ etí sí i bíi dókítà. Bí oníbàárà bá bi í pé, "Àpék, ṣé ó dùn lónìí?", èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ẹ bi àwọn tó rà á lánàá."

Ohun tí Àpék Teik ń fẹ́ jù láyé ni kó di olùtọ́jú Dàtó. Dàtó ni ẹ̀mí bàbá àgbà tó ni ilẹ̀ etíkun wa. Ilé pupa kékeré kan, tí kò ga ju ilé adìẹ lọ, ni a kọ́ fún un lábẹ́ igi fúrúùtù, ère rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun àti fìlà dúdú. Ọmọ Ṣáínà ni àwa tí a ń bọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Malay ni Dàtó, Mùsùlùmí sì ni. Nítorí náà, èdè Malay la fi ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ ti rí ibi tí wàhálà Àpék Teik wà.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ apẹja rẹ̀ dojú dé lójú agbami. Iná fìtílà Dàtó ló ń wò tó fi lúwẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Kò wọ ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lọ jogún ààrò ẹran bàbá rẹ̀, ó sì pinnu pé òun gbọ́dọ̀ fún Dàtó lóúnjẹ kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Àǹtí Gaik Choo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, ń borí rẹ̀.

Dàtó fúnra rẹ̀ ló ń yan olùtọ́jú. Igi méjì tí a gbẹ́ bí ìlàjì òṣùpá la máa ń dà sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣíjú sókè tí èkejì dojú délẹ̀, Dàtó gbà nìyẹn. Bí méjèèjì bá dojú délẹ̀, ó kọ̀. Bí méjèèjì bá ṣíjú sókè, Dàtó ń rẹ́rìn-ín ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Dàtó gba Àpék Teik. Inú rẹ̀ dùn, ó fò sókè, bàtà rẹ̀ kan sì fò ju òun alára lọ. Ó gbé ìkòkò tùràrí Dàtó lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí a máa ń bọ Dàtó, ó se ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè àti kọ́rì adìẹ. Ó wẹ̀, ó tún wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tuntun. Síbẹ̀, àwọn ajá etíkun tò tẹ̀lé e dé ojúbọ, wọ́n ń fimú fa ṣòkòtò rẹ̀.

Ó gbé oúnjẹ, kọfí àti tábà kalẹ̀. Àwa yòókù jókòó sórí iyanrìn, nítorí a kì í jẹun títí Dàtó yóò fi sọ pé òun ti jẹun tán. Àpék da igi.

"Dàtó, ṣé ẹ ti jẹun tán?"

Méjèèjì dojú délẹ̀.

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, Dàtó," ni Àpék wí. Ó dúró díẹ̀, ó tún dà á. Rárá.

"Kọfí yẹn ni kò ní ṣúgà!" Bọ̀ọ̀dá Chua, awakọ̀ ojú omi, pariwo látẹ̀yìn.

Wọ́n fi ṣúgà sí i. Rárá.

"Èdè Malay rẹ ni," ni Àǹtí Gaik Choo wí. "Ó ń dún bíi pé o fẹ́ ta nǹkan fún un. Teik, wò mí lójú. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì."

"Kí ló wà nínú búrẹ́dì náà?"

"Búrẹ́dì náà ni."

"Àwọn ajá yìí ò lè parọ́ o," ni Bọ̀ọ̀dá Chua wí. Ọ̀kan nínú wọn ń lá ẹsẹ̀ Àpék lọ́wọ́.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi Àǹtí Gaik Choo. "Bí òòrùn bá wọ̀ tí Dàtó ò gbà, ilé mi ni ìkòkò tùràrí yẹn máa sùn lónìí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Òòrùn ti ń kan omi. Kọ́rì ti dì. Àpék la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, oníbàárà rẹ̀ sì ni gbogbo wa, ó tún pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ti orí bọ inú ilé pupa náà débi pé ìdí rẹ̀ nìkan la ń rí, ó sì sọ nǹkan kan sí Dàtó létí.

Ó jáde, ó da igi. Méjèèjì ṣíjú sókè.

"Ó ń fi í rẹ́rìn-ín!" ni Bọ̀ọ̀dá Chua kígbe.

Ó tún dà á. Ọ̀kan sókè, ọ̀kan nílẹ̀. Ariwo sọ, a jẹ kọ́rì tútù, mo sì lọ bi í ní ìbéèrè mi.

Àpék Teik ń tọ́jú Dàtó títí di òní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn. "Búrẹ́dì Nínú Búrẹ́dì" ni wọ́n ń pè é káàkiri ọjà. Á kàn rẹ́rìn-ín, á sì gé ẹran fún wọn.

Mo ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé girama báyìí. Lóṣù tó kọjá, Àpék ta ààrò rẹ̀, ó ní ó ti rẹ òun. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a gbálẹ̀ níwájú ojúbọ. Ajá kankan kò tẹ̀ lé e. N kò bi í ní ohunkóhun. Òun ló fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì.

"Ping, ṣé o ṣì fẹ́ mọ ohun tí mo sọ fún Dàtó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àpék."

"Mo ní, 'Dàtó, mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mi ò jẹ ẹ́ rí láyé mi. Òórùn rẹ̀ lásán ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Gaik Choo, torí ó ń bọ̀ wá ra kílò méjì lọ́la.'"