Múyì Ọlọ́dà àti Àpáta Alábàjà

Iṣẹ́ lébírà ni Múyì ṣe ní káńsù Ẹgbẹ́dá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀ ni ọ̀dà funfun. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀, Múyì ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Á po ọ̀dà sínú garawa, á fi kun ìdí igi, á fi kun etí títì, á fi kun àwọn òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Àlejò náà lè má wá mọ́. Ìyẹn ò kan Múyì. Tirẹ̀ ni pé bí àlejò bá dé, kí ó bá ibẹ̀ ní mímọ́. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á kun ìdí àgbọn tó wà níwájú ilé tirẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe di Múyì Ọlọ́dà nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé bàbá rẹ̀, Ìdí-Àpáta, tí èèyàn ń gun ọ̀kadà dé láti Lálúpọn. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Àpáta kan wà lẹ́yìn abúlé náà, kò ga púpọ̀, ó rọra yọ sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ilà dúdú àti ilà funfun tò tẹ̀léra wọn lára rẹ̀, ó jọ ilà tí wọ́n ń bù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nítorí ìyẹn ni àwọn àgbà àtijọ́ fi sọ ọ́ ní Alábàjà. Múyì fúnra rẹ̀ bu àbàjà. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn obìnrin ilé máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé olóólà kan náà ló kọ ilà fún òun àti àpáta, pé àpáta ò sunkún, Múyì ló sunkún.

Àwọn obìnrin ló ń lo àpáta yìí jù. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá láfún sí. Wọn á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi kan, wọn á fún un, wọn á wá dà á sórí àpáta kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ìyá Múyì sá láfún níbẹ̀ títí ó fi kú. Lìádì, ìyàwó àbúrò Múyì, ló ń lo àyè ìyá náà báyìí, lápá òkè pátápátá, níbi tí oòrùn ti ń tètè dé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Praise ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọ abúlé. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó háyà yàrá kan sí Ajíbọ́dé, nítòsí yunifásítì náà. Ó kọ́kọ́ wá láti ya àwòrán àpáta. Lọ́jọ́ náà, Múyì tẹ̀ lé e gun òkè, ó fẹ́ mọ ohun tó ń wá.

"Bàbá, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta yìí ti wá," ni Praise wí. "Iná mú un níbẹ̀, ó rọ̀, ó tún padà le. Ìgbà tó rọ̀ yẹn ni àwọn ilà yìí wọ ara rẹ̀."

"Ta ló dá iná sí i?"

"Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

Múyì wò ó bóyá ó ń fi òun ṣeré. Kò fi í ṣeré. Láti ọjọ́ náà ni Múyì ti di ọmọ ẹgbẹ́ Aláàbò Àpáta, tí Praise dá sílẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Ní àárọ̀ Sátidé, wọn á ro igbó ìdí àpáta, wọn á ṣa ọ̀rá àti ike, wọn á sì lé àwọn tó máa ń wá sun táyà sórí rẹ̀ kí ó lè sán, kí wọ́n lè fọ́ ọ tà. Múyì ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Kò sọ ìdí tó fi fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ṣáà ń wá.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan tó ní katapílà wá bá Baálẹ̀ Ọládòṣù. Ó fẹ́ fọ́ àpáta náà di òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní bí wọ́n bá gbà fún òun, òun á tún ọ̀nà Lálúpọn ṣe dé ẹnu ilé Baálẹ̀. Ọ̀nà náà burú lóòótọ́. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọlọ́kadà kì í gbà láti wá.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Múyì.

"Múyì, mo ń gbọ́ tiyín," ló wí. "Ẹ ní ohun ńlá kan ń bẹ lára àpáta yìí. Èmi, ilà lásán ni mo mọ̀, àpáta tó ní ilà sì pọ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá, kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún mi, kí n fi ojú ara mi rí ohun tí tiwa fi yàtọ̀. Bí mo bá rí i, oníkatapílà á máa lọ. Bí n ò bá rí i, ẹ má bínú sí mi, òkúta á di ọ̀nà."

"Mo gbọ́, Baba."

"Sátidé tó ń bọ̀ ni mo dá fún ọkùnrin yẹn."

Múyì pe Praise lórí fóònù. Praise ní olùkọ́ òun, Dókítà Leah, á wá lọ́jọ́ náà. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ṣáà bá mi rí i pé àpáta náà mọ́ kí wọ́n tó dé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń sọ ni koríko àti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n Múyì ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́bọ̀, ó po ọ̀dà. Ó bu gọ́ọ̀mù sí i, bó ṣe máa ń ṣe fún etí títì, kí òjò má lè fọ̀ ọ́. Ó ní bìsìmílà, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ garawa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi mélòó kan bá a ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń kùn ún lọ sókè. Ọ̀dà náà mú dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa dé òkè, àpáta ti funfun báláú, èèyàn lè rí i láti ojú ọ̀nà. Ibi tí Lìádì sá láfún sí nìkan ló kù.

"Ìyàwó wa, kó láfún rẹ kúrò ká kun ibẹ̀," ni Múyì wí.

"Òní ni mo sá a, ọkọ mi. Ó ṣì tutù. Ibo ni kí n kó o sí, orí yín?"

"Àlejò ń bọ̀."

"Kí àlejò máa bọ̀. Ṣé àlejò kì í jẹ láfún ni?"

"Ojú kan yìí ló máa dúdú. Á dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní fi ọ̀dà sínú ohun tí èèyàn máa jẹ." Lìádì wo ìsàlẹ̀ àpáta, ó pa òṣé. "Ẹ wò ó, ẹ ti sọ Alábàjà di olójú bọ̀rọ́. Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ níbẹ̀ kí n fi kun ojú tiyín náà, ká wò ó bóyá àwọn ọmọ yín á mọ̀ yín."

Àwọn tó ń kùn rẹ́rìn-ín. Múyì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó mọ́. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe nìyẹn." Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ sílé. Inú rẹ̀ dùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, Praise ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó yíjú sí àpáta. Múyì ti wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ̀, ó ń dúró dè é.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Ó mọ́, àbí kò mọ́?"

"Bàbá." Praise jókòó sórí kùkùté igi kan. "Àwọn ilà yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

Múyì yíjú sí àpáta. Ó wò ó pẹ́. Àfi bí ẹni pé kò rí i láti Ọjọ́bọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó fi kọ́ igi, ó mú kànìnkànìn àti omi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Praise bá a fọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù yẹn ò jẹ́ kó ṣí. Múyì mọ̀ pé kò ní jẹ́. Òun ló pò ó.

Ibẹ̀ ni Baálẹ̀ bá wọn, òun àti oníkatapílà àti Dókítà Leah, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà oko. Oníkatapílà wo àpáta, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó wí fún Múyì. "Ẹ ti bá mi sàmì síbi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Múyì, ohun tí mo ní kí wọ́n fi hàn mí dà?"

Múyì lè di ẹ̀bi náà ru ọ̀rọ̀ tí Praise sọ lórí fóònù. Ọmọbìnrin náà tiẹ̀ ti ń la ẹnu láti gbà á.

"Mo ti kùn ún, Baba," ni Múyì wí.

Dókítà Leah ń yí àpáta ká, ó ń fi èékánná ha ọ̀dà. Láti òkè, wọ́n ń gbọ́ ohùn Lìádì. Ó wá yí láfún rẹ̀ padà, ó ń bá adìyẹ kan jà. Múyì gbójú sókè síbẹ̀. Ó dìde, ó gun òkè lọ, kò tiẹ̀ dúró wọ bàtà.

"Ìyàwó wa, dákun, kó láfún rẹ."

"Lọ́jọ́bọ̀ ẹ ní kí n kó o, mi ò kó o. Lónìí ẹ tún ní kí n kó o. Ṣé ẹ tún gbé garawa wá ni?"

"Mi ò gbé garawa wá."

Lìádì wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi àti ọ̀dà kún. Ó wo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò bi í léèrè mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó láfún sínú abọ́. Múyì bá a kó o. Nígbà tí wọ́n kó o tán, Lìádì fi ìgbálẹ̀ gbá ìyókù rẹ̀.

Àwọn ilà náà wà níbẹ̀. Ó mọ́ ju bí Múyì ṣe rántí rẹ̀ lọ. Omi kíkan tó ń ro lára láfún, látìgbà ìyá rẹ̀ títí di ìgbà Lìádì, ti bó gbogbo ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀. Dókítà Leah àti àwọn yòókù gòkè wá, Dókítà da omi inú ike rẹ̀ sí i. Dúdú rẹ̀ dú, funfun rẹ̀ fún. Obìnrin náà kúnlẹ̀ láìwo aṣọ tó wọ̀.

"Baba, ẹ bá mi mú ìka yín wá."

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dókítà mú ìka rẹ̀, ó fi ń tọ ilà funfun kan. Ilà náà lọ gbọọrọ, ó dé ibì kan, ó ká, ó padà sẹ́yìn, ó tún ká, bí ìgbà tí èèyàn bá ká aṣọ sínú àpótí.

"Kí ló ká a báyìí?" ni Baálẹ̀ wí.

"Ilẹ̀ ló fún un pọ̀, Baba, nígbà tó rọ̀. Kò tíì sí èèyàn kankan láyé nígbà náà. Àpáta tó ní ilà pọ̀ lóòótọ́. Èyí tó ká tó ṣe kedere báyìí, tí mo lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò, n ò tíì rí i nítòsí ibí."

Baálẹ̀ ò mú ìka rẹ̀ kúrò. Ó tún un tọ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lè ṣe ọ̀nà fún wa?"

"A ò lè ṣe ọ̀nà, Baba. Bí mo bá ní a lè ṣe é, irọ́ ni mo pa."

Baálẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Ó sọ fún oníkatapílà pé, "Ẹ má bínú. Ọ̀nà wa burú, ó sì ti burú kí ẹ tó dé. Ẹ lọ wá òkúta síbòmíràn." Ọkùnrin náà ní kí Baálẹ̀ tún un rò. Baálẹ̀ ní òun ti rò ó. Ó wá kọjú sí Múyì.

"Ìwọ lo kùn ún. Ìwọ ni wàá ṣí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

Iṣẹ́ tí Múyì ń ṣe títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Praise ò jẹ́ kó lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó ní á ha ilà. Kànìnkànìn ló ń lò, pẹ̀lú omi kíkan tí Lìádì ń fún un nígbà tó bá ń fún ẹ̀gẹ́. Omi yìí ń mú ọ̀dà náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lìádì kì í fún un láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. "Ọkọ mi, omi rèé," á wí. "Ẹ má wulẹ̀ bu gọ́ọ̀mù sí i." Ibi tó bá ti fọ̀ tán, àwọn obìnrin á sá láfún síbẹ̀. Ọ̀nà Lálúpọn ṣì burú. Ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá, ọkọ̀ wọn rì sínú ẹrọ̀fọ̀, àwọn ará abúlé ló tì í jáde.

Láìpẹ́ yìí, àlejò pàtàkì kan fẹ́ wá sí Ẹgbẹ́dá. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí pe Múyì lórí fóònù, ó ní kó wá bá àwọn kun etí títì, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pò bíi tirẹ̀.

Múyì ní òun ò ráyè, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun.

"Iṣẹ́ wo?"

"Ọ̀dà ni mò ń fọ̀," ni Múyì wí.